Ẹ́ńjìnnì Tó Gba Orúkọ Kasuba

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti gba orúkọ òkú rí?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi kì í pàlọ́. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà, ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn, ọ̀rọ̀ tí kò bá jinná kì í ti ẹnu mi jáde. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, etí mi sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ sí etí odò Munshika lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá wà láàárín orí. Kó dúró sẹ́yìn ilé pọ́ńpù. Kó má sọ̀rọ̀. Kò ní pẹ́ níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa wá ọ̀nà ilé.

Ìsàlẹ̀ òkè ni ilé pọ́ńpù wà, létí omi gan-an. Orí òkè ni wọ́n ti ń wa bàbà, orí òkè náà sì ni ilé àwa tí ọkọ tàbí ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òkè náà ga. Ewúrẹ́ kì í gùn ún láìsinmi, ṣùgbọ́n omi ní láti gùn ún lójoojúmọ́, torí omi ni wọ́n fi ń fọ òkúta bàbà, òun náà la sì ń mu. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí pọ́ńpù ga ju ọkùnrin lọ, ó gùn ju yàrá mi lọ. Epo dísù ló ń mu. Agbára tó fi ń ti omi wọnú páìpù kì í ṣe agbára eré. Bí páìpù bá lu níbì kan, tí ihò rẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, omi tó ń gba ibẹ̀ jáde ò jọ omi mọ́. Ojú ò lè rí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fọwọ́ wá a. Igi gígùn ni wọ́n máa ń nà síwájú, wọ́n á máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá ejò nínú koríko. Ibi tí igi bá ti gé sí méjì, ibẹ̀ ni omi wà.

Àwa obìnrin kì í fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn. Àtẹ́lẹsẹ̀ la fi ń gbọ́ ọ. Ó wà nínú ilẹ̀, ó wà lára ògiri, ó wà nínú ìkòkò tí a bá gbé kalẹ̀. Àwọn ìkókó tí wọ́n bí sórí òkè, òun ni wọ́n fi ń sùn. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń ké.

Kasuba ló ń wa ẹ́ńjìnnì náà. Ọkọ Malama ni, Malama sì ni àbígbẹ̀yìn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Kampamba, àkọ́bí mi, ni wọ́n fi ń pè mí. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun méjì ló fẹ́ràn, aṣáà àti oúnjẹ ìyàwó rẹ̀. Bó bá dé láàárọ̀, á tan ẹ́ńjìnnì, á ṣí fáàfù díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kùn. Á wá dúró, á fa aṣáà símú. Lẹ́yìn náà ló máa tó ṣí i tán, ẹ́ńjìnnì á sì bú. Kíkùn. Ìdákẹ́. Bíbú. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbogbo obìnrin orí òkè mọ̀ ọ́n. "Ọkọ Malama ti dé ibi iṣẹ́," la máa ń wí, oníkálukú á sì gbé ìkòkò kaná.

Lọ́sàn-án, á pa ẹ́ńjìnnì kó lè tutù. Malama á gbé ubwali, òkèlè àgbàdo wa, àti ẹja lọ fún un nínú abọ́ olómorí. Á kúnlẹ̀, á gbé òkèlè náà sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí odò títí ọkọ rẹ̀ á fi jẹun tán. Ọ̀wọ̀ ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, mi ò gbọ́ ariwo wọn rí.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, àpótí aṣáà rẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù láti mú un. Kò na igi síwájú. Ta ló ń na igi nítorí aṣáà? Nǹkan kan ta á nítan bí ìgbà tí kòkòrò bá ta ènìyàn. Ó rìn gun òkè wálé, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó lára. Ihò kékeré kan ni, kò tilẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, itan náà ti le bí igi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kú. Nígbà tí a gbé e láti wẹ̀ ẹ́, a gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀, bí omi inú kèrègbè. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. A wo ara wa. A wẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìdílé Ọ̀nì ni Kasuba. Sampa tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìdílé Ẹja ni tirẹ̀. Láàárín wa, Ọ̀nì àti Ẹja máa ń bú ara wọn, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá, kódà nídìí òkú. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Sampa ló gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó gbẹ́ ẹ tán, ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní òun ò jáde.

"Ẹ wá wo Ọ̀nì tí omi pa," ó ní. "Kasuba, ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ láti lúwẹ̀ẹ́ nìyí? Èmi ẹja lásán, mo ṣì ń mí."

Bàbá àgbà Chipasha, arákùnrin ìyá Kasuba, tó jẹ́ olórí ìdílé wọn, fi ọ̀pá gún un. "Jáde níbẹ̀, orí ẹja. Àwa la máa jẹ ọ́ lálẹ́ yìí."

"Eyín wo lẹ ní, Bàbá àgbà? Ẹ máa lá mi ni."

A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Malama nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú ló kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí ọkùnrin bá kú láàárín wa, a kì í jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹnìkan nínú ìdílé ìyá rẹ̀, ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ni yóò gbà á. Wọ́n á so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́ ọn lára, wọ́n á fún un ní omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun sí mu, wọ́n á pè é ní orúkọ òkú, òun náà á sì dáhùn. Ọjọ́ tó bá dáhùn ni òkú tó lọ. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń tú opó sílẹ̀. Bí wọn ò bá tíì tú u sílẹ̀, ìyàwó òkú ló ṣì jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ nínú ìkòkò rẹ̀. Kì í sọdá odò. Bó bá sọdá, òkú á tẹ̀ lé e.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ng'andwe láti Kitwe. Òun ni ọmọ arábìnrin Kasuba, ọkùnrin tó sanra, tó máa ń wọ bàtà dídán. Ó jókòó, ó mu omi, ó jẹun. Nígbà tí Chipasha mú ìlẹ̀kẹ̀ jáde, ó dìde.

"Mi ò gbà á, Bàbá àgbà."

"O ò gba kí ni?"

"Orúkọ náà. Ẹni tó jẹ́ ẹ kẹ́yìn, omi wọ inú rẹ̀, omi ò sì jáde. Kí n wá gba èyí lọ sílé ìyàwó mi?"

"Ìwọ lo kàn."

"Ẹ fún ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo? Arábìnrin rẹ̀ mìíràn ò bímọ."

Ng'andwe wọ ọkọ̀ padà. Chipasha kó ìlẹ̀kẹ̀ padà sínú abọ́, ó gbé abọ́ náà sórí àjà ilé Malama, torí ilé òkú ni nǹkan òkú ń gbé títí tí wọ́n á fi rí ẹni gbà á. Ó ní kí a ní sùúrù.

A ní sùúrù. Òjò dé, òjò lọ. Malama ń dá sùn, ó ń dá jẹun. Mo ti fẹ́ mú un lọ sí abúlé wa lódìkejì odò, níbi tí ilẹ̀ mi wà, kó máa bá mi gbin ẹ̀gẹ́, kó sì fẹ́ ọkọ mìíràn bó bá wù ú. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nígbà náà nìyẹn: kí n mú ọmọ mi sọdá omi. Mi ò lè mú un sọdá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Ó bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Màmá, bí ẹnikẹ́ni ò bá gbà á ńkọ́?"

"Ẹnìkan á gbà á."

"Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin?"

"Rárá. Wọ́n ti fún ọmọ ọwọ́ rí. Wọ́n ti fún obìnrin rí. Ẹni tó bá ti lè dáhùn, ó tó. Fi ata náà sílẹ̀, ó ń ta mí lójú."

Ó fi ata sílẹ̀. A ò sọ ọ́ mọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló bẹ̀rẹ̀. Àwa obìnrin wà létí odò láàárọ̀, à ń fọṣọ. Sampa ni wọ́n ti fi sípò Kasuba. Sampa kì í fara balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń ṣí fáàfù, ẹ́ńjìnnì á bú gbàù bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. A ti mọ ọ̀nà tirẹ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì kùn. Ó dákẹ́.

Ọwọ́ gbogbo wa dúró nínú omi. Ọṣẹ ẹnìkan ń léfòó lọ, kò mú un.

Lẹ́yìn náà ni ó bú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Sampa fẹ́ fi òkú ṣeré lónìí." A gbéra, a lọ bá a. Ó dúró síta ilé pọ́ńpù, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹja ń sín Ọ̀nì jẹ," obìnrin kan ní. "Àbí ìwọ náà ti ń fa aṣáà ni?"

Kò dá yẹ̀yẹ́ padà. Sampa, ẹni tó sùn sínú ilẹ̀ òkú. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣí i," ó ní. "Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan, mo jáde. Mi ò dúró láàárín."

"Àwa ńkọ́, ṣé adití ni wá?"

"Ìyá Kampamba, ẹ wọlé kí ẹ gbóòórùn."

Mo wọlé. Òórùn dísù ni mo rò pé mo máa gbọ́. Òórùn aṣáà ni. Ó tutù, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àpótí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jí nìyẹn láràárọ̀. Nǹkan kì í pẹ́ kó tó mọ́ ènìyàn lára. Ó ti fẹ́ mọ́ wa lára nígbà tí ìkejì dé. Lọ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀. Sampa tàn án, kò tàn. Wọ́n dúró kó tutù, wọ́n tún tàn án, kò tàn. Ilẹ̀ òkè dákẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ilé dé ilé, wọ́n ò sì gba ọyàn.

Àwọn tó mọ irin wá láti Mansa. Wọ́n tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í. Wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń sẹ́ dísù. Nǹkan kan ò ṣe é. Láàárọ̀, á ṣiṣẹ́. Bó bá di ọ̀sán, á kú, ó di ọjọ́ kejì. Omi ò tó lórí òkè mọ́. Ọ̀gá ibi ìwakùsà ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn máa ti ibẹ̀ pa. Àwọn ọkùnrin ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

Mo ní oko kékeré kan létí odò níhà ìhín. Malama gbé oúnjẹ wá fún mi níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oúnjẹ tí èmi sè fúnra mi láàárọ̀ tí mo gbàgbé sílé. Abọ́ olómorí ló gbé e sí. Ọ̀nà tó gbà kọjá níwájú ilé pọ́ńpù. Sampa àti àwọn ará Mansa jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó jìnnà díẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Mo ń wò ó bó ṣe ń bọ̀. Bó ṣe kan ẹnu ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kùn.

Malama dúró.

Ẹyẹ kan wà lórí máńgòrò tó ti ń ké látàárọ̀. Ó pa ẹnu dé. Mo gbọ́ omi odò tó ń lu òkúta. Mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Malama kúnlẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí odò. Ẹ́ńjìnnì wá bú, omi gun òkè.

Kò sí ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀. Gbogbo wa rí i. Nígbà tí Malama yíjú padà, ó ṣí abọ́. Kò sí òkèlè kankan nínú rẹ̀. Omi díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ̀n, bí omi inú ife tí wọ́n gbé sórí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni abọ́ náà wà.

Bí Malama ṣe di ẹni tó ń gbé oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó fipá mú un. Ọ̀gá kàn ránṣẹ́ pé kí arábìnrin náà jọ̀ọ́ máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn obìnrin ń kí i tìfẹ́tìfẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sì wo ojú rẹ̀. Omi ń wá. Ọmọ wọn ń sùn.

Ọmọ tèmi ń rù lọ, ó sì ń tutù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, erùpẹ̀ ń fò, etí aṣọ Malama ò gbẹ rí. Mo máa ń fún aṣọ náà lálẹ́, omi á sì máa kán. Mo máa ń nu irun rẹ̀. Ó dẹ́kun fífi iyọ̀ sóúnjẹ rẹ̀, ó ní ẹni tí òun ń gbé e fún ò fẹ́ iyọ̀.

"Má lọ lọ́la," mo ní.

"Bí mi ò bá lọ, ta ló máa fún wọn lómi?"

"Kí wọ́n máa pọn ọ́n. Ṣé wọn ò lórí ni?"

"Màmá, ó mọ̀ mí."

"Ta ló mọ̀ ẹ́?"

Ó ń fetí sí nǹkan kan tí èmi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ pátápátá. Mo fojú mi rí irin rẹ̀ lórí tápólì. Ó dákẹ́ láti àárọ̀. Ilẹ̀ òkè pa lọ́lọ́, ènìyàn lè gbọ́ eṣinṣin nínú yàrá kejì. Ooru mú, mo tẹ́ ẹní, èmi àti Malama sùn sórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti dì í padà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ò mì. Mo fi kan ògiri. Ògiri ò mì.

Mo fi etí lé ẹ̀yìn ọmọ mi.

Ó kùn. Ó dákẹ́. Mi ò dúró kó bú. Mo dìde, mo bọ́ síta, mo dúró sínú oòrùn títí ẹsẹ̀ mi fi ń jó mi.

Ọjọ́ yẹn ni Sampa tún wá pè mí. Ibi tó ti ń nu fáàfù ló ti rí i. Nísàlẹ̀ ọrùn ọwọ́ fáàfù, níbi tí ojú kì í dé, ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan wà níbẹ̀, wọ́n so ó dáadáa, ìdè àwọn àgbà. Lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń da omi sínú ẹ́ńjìnnì, ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ irin.

"Mo ti gé e," Sampa ní. "Ànáà ni mo rí i, mo fi ọ̀bẹ gé e, mo jù ú sódò. Mo dé láàárọ̀ yìí, ó wà níbẹ̀."

"O gé e kí o tó sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá."

Mo gba ilé lọ, mo gbé abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àjà. Ó ṣófo. Mo ránṣẹ́ sí Chipasha. Mo ránṣẹ́ sí Ng'andwe pé bí kò bá wá, èmi ni mo máa wá bá a ní Kitwe, iwájú ìyàwó rẹ̀ ni mo sì máa sùn sí. Ó wá.

Lọ́sàn-án ni a pàdé níwájú ilé pọ́ńpù. Wọ́n ti di ẹ́ńjìnnì padà. Kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbóná. Sampa ní wọn ò tíì tàn án látàárọ̀. Malama jókòó lápá kan, ó kọjú sí odò bó ṣe máa ń ṣe. Opó kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ìdílé bá ti ń sọ̀rọ̀.

Chipasha wo ìlẹ̀kẹ̀ náà pẹ́. Ó jókòó sórí òkúta.

"Wọ́n ti gba orúkọ," ó ní. "Wọ́n pè é, ó dáhùn. Kasuba nìyí."

"Ẹ tú u," mo ní.

"A kì í gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ti dáhùn sí i. Ó di ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kú."

"Ṣé irin ń kú?" Ng'andwe béèrè.



"Malama ńkọ́?" mo ní. "Ṣé ibí ló máa wà? Ṣé ohun tí mo bí i fún nìyí?"

Bàbá náà tún wo ìlẹ̀kẹ̀ náà. "Ọ̀nà kan wà. Ẹni tó bá fi orúkọ fún ohun tí kò yẹ, òun ló fà á, òun ni yóò máa sìn ín. Yóò bọ́ sípò opó. Yóò máa gbé oúnjẹ, yóò máa dúró. A ó tú opó sílẹ̀, á máa bá ìyá rẹ̀ lọ."

"Ẹ dá a lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀."

"A ò tíì mọ ẹni tó ṣe é."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa dá a báyìí. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ̀bẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á wá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbé adìyẹ wá. Mo mọ̀ yín. Ẹ dì í kí orúkọ tó jáde."

"Ìyá Kampamba. Ohun tí a bá dì bẹ́ẹ̀, kì í ṣeé tú."

"Mo gbọ́."

Ó wò mí. Ó bu ìyẹ̀fun, ó wọ́n ọn sílẹ̀, ó fẹ́ omi lẹ́nu lé e lórí. Ó sọ ọ́: ẹnikẹ́ni tó so ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò ní sọdá odò mọ́, láàyè tàbí lókùú. Ó ní kí a dáhùn. Gbogbo wa dáhùn. Ohùn tèmi ló lọ sókè jù.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n. Ng'andwe ní òun ò tilẹ̀ gun òkè yìí láti ọjọ́ tí òun ti kọ orúkọ. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà yí sí Sampa. Mo ti ní Sampa lọ́kàn. Ẹni tó bá ń fi òkú ṣẹ̀fẹ̀, kí ni kò lè fi ṣe?

"Ẹja," Chipasha ní, "ṣé eré rẹ ni èyí?"

"Mo bú u nígbà tó kú torí ó tọ́ kí n bú u," Sampa ní. "Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré. Èmi ni mo ń dá wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé yìí láràárọ̀, Bàbá àgbà. Ṣé ẹ rò pé mo lè pè é wá?"

A gbà á gbọ́. Ó hàn lójú rẹ̀.

Ó ku àwọn tí a kò tíì bi. Àwọn obìnrin sọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe àwọn. Oòrùn ń yẹ̀ kúrò lórí. Mo rí i pé a máa tú ká láìrí nǹkan kan, ọmọ mi á sì tún gbé abọ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn.

"Ẹ bi Malama," mo ní. "Ojoojúmọ́ ló ń wá síbí. Ó lè ti rí ẹni náà."

"Opó kì í sọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lónìí. Mo bẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ là ń sọ."

Chipasha fi ọ̀pá nàka sí i. "Malama, ṣé o rí ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀ yìí?"

Malama ò yíjú. "Mo rí i," ó ní.

Ara mi fúyẹ́. Mo ti ń rí oko mi lódìkejì, mo ti ń rí i tó ń fa ẹ̀gẹ́ tu.

"Ọkùnrin ni?"

"Obìnrin ni."

"Kí ló dé tó fi ṣe é?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dúró. Gbogbo yín ní kó ní sùúrù, Bùọ̀dá Ng'andwe sì ti wọ ọkọ̀ lọ. Ó rò pé irin ò lẹ́nu, kò ní béèrè oúnjẹ. Irin ò lọ́wọ́, kò ní béèrè ènìyàn. Yóò kàn gba orúkọ, yóò dákẹ́, òun á sì máa lọ. Ó gbé abọ́ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí Bùọ̀dá Sampa lọ wẹ̀ lódò. Ó so ó bó ṣe rí i tí Bàbá àgbà máa ń so ó. Ó fún un lómi ìyẹ̀fun. Ó pè é ní Kasuba lẹ́ẹ̀kan. Irin náà dáhùn."

Chipasha gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́. Sampa ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ìyẹ̀fun tó wọ́n sílẹ̀ ti gbẹ nínú oòrùn, ó funfun.

Èmi nìkan ni mo ṣì ń béèrè.

"Ta ni obìnrin náà?" mo ní. "Malama, dárúkọ rẹ̀ ká máa lọ sílé."

Ó yíjú sí mi. Omi ń ti irun rẹ̀ ṣàn gba ojú rẹ̀.

"Malama ni, Màmá."